Bí Olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ṣe Lè Tẹ̀lé Kíkọ́ Òrùlé Pápá Ìṣeré Tuntun

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó wà nínú kíkọ́ pápá ìṣeré, òrùlé ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé kì í gòkè díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni bí ògiri àti ìjókòó ṣe ń ṣe. Oṣù mélòó kan lè kọjá tí ẹni tí ń wò ó láti òde kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, kí ohun tí ó tóbi ju gbogbo ohun tí ó ti rí lọ sì gbéra nílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ yóò máa sọ pé iṣẹ́ ti dúró nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, yóò sì máa yọ̀ pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù rẹpẹtẹ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ níhìn-ín kò le. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi tẹ̀lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí ni ó gbé òrùlé náà dúró lónìí? Nígbà tí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí bá yí padà ni iṣẹ́ bọ́ sí ìpele tuntun. Tí kò bá yí padà, ìpele tí a wà tẹ́lẹ̀ náà ni a ṣì wà, bí ó ti wù kí ohun tí ojú ń rí pọ̀ tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú òrùlé tí wọ́n fẹ́ kọ́

Kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ wádìí irú òrùlé náà, nítorí pé òun ni yóò sọ ibi tí ojú yín yẹ kí ó wà. Èyí tí ó rọrùn jù láti dá mọ̀ ni èyí tí àwọn apá irin ńláńlá ti nà láti ẹ̀yìn ìjókòó wá sí iwájú, tí kò sì sí òpó kankan níwájú tí yóò dí ojú òǹwòran. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ sílẹ̀: bí iwájú ṣe ń fẹ́ tẹ̀ wálẹ̀ ni ẹ̀yìn ń fẹ́ gbéra sókè, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ so ẹ̀yìn mọ́ ìpìlẹ̀ gírígírí. Tí ó bá jẹ́ irú èyí ni ẹgbẹ́ yín ń kọ́, ẹ̀yìn pápá ni kí ẹ ti máa wò ó. Òpó ẹ̀yìn àti irin tí ó so ó mọ́lẹ̀ ni yóò fi hàn yín pé apá tuntun ti fẹ́ gòkè. Irú òrùlé yìí tún ṣeé kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, èyí tí ó mú kí ó ṣeé ṣe fún ẹgbẹ́ láti máa gbá bọ́ọ̀lù lọ nílé nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Irú kejì ni èyí tí wọ́n fi okùn irin so rọ̀ mọ́ òpó gíga tàbí mọ́ irin ńlá kan tí ó tẹ̀ kọjá lókè pápá. Ní Munich, fún ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1972, Frei Otto àti àwọn ayàwòrán-ilé tí wọ́n bá Günter Behnisch ṣiṣẹ́ fi òrùlé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo àwọ̀n okùn irin tí wọ́n fà mọ́ àwọn òpó gíga. Ní Wembley, irin títẹ̀ tí ó ga ní mítà 133, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì fi mítà 315 jìnnà síra, ni ó gbé gbogbo òrùlé apá àríwá àti apá kan nínú òrùlé gúúsù. Nílẹ̀ ni wọ́n ti to irin náà pọ̀ kí wọ́n tó fà á dìde ní ọdún 2004, ọdún 2007 ni pápá náà sì tó ṣí. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àlàfo yẹn sọ́kàn. Nínú irú òrùlé yìí, ohun tí ó ga jù ni ó ń kọ́kọ́ yọ, òun sì ni gbogbo ìlú ń yà ní àwòrán, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí ó bá dìde ni iṣẹ́ òrùlé gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Irú kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti tẹ̀lé, òun náà sì ni ó ń da àwọn ènìyàn láàmú jù. Bí a ṣe ṣe ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ṣe ṣe é: òrúka irin ńlá wà ní etí òkè pápá yí po, òrúka kékeré tí wọ́n fi okùn irin ṣe wà láàárín, okùn mìíràn sì fà láti inú ọ̀kan lọ sínú èkejì bíi sípóòkù. Òrúka òde ń gba ìfúnpọ̀, òrúka inú ń gba ìfàya, ìfà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ó sì mú kí gbogbo rẹ̀ le gbagidi láìsí òpó kankan nínú pápá. Báyìí ni wọ́n ṣe òrùlé pápá Stuttgart ní ọdún 1993, báyìí náà sì ni ti pápá tí wọ́n kọ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fún Òlíḿpíìkì ọdún 2012 àti ti pápá Tottenham Hotspur tí ó ṣí ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, wọ́n á tẹ́ gbogbo okùn sórí ìjókòó àti sórí ilẹ̀ pápá, wọ́n á so ó pọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni jáàkì púpọ̀ yóò máa fa okùn láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà títí òrúka inú yóò fi kúrò nílẹ̀ tí yóò sì dé ipò rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní òde kò lè rí okùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú pápá, ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi máa ń lọ káàkiri pé kò sí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ́. Àmì kan wà tí kì í tàn ni jẹ. Ẹ wo òrúka òde: tí àlàfo kan bá ṣì wà nínú rẹ̀, tí orí kan kò tíì pàdé orí kejì, kò sí ẹni tí yóò fa okùn kankan gòkè ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Ọjọ́ tí òrúka bá pàdé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìfàgòkè.

Ibi tí ìròyìn tí ó ṣeé gbọ́kàn lé wà

Àwòrán kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ máa ń gbé jáde, èyí tí oòrùn ń ràn nínú rẹ̀ tí gbogbo ìjókòó sì kún, wà fún títa ìrètí. Kò sọ bí òrùlé yóò ṣe dúró. Ìwé tí ó yẹ kí ẹ wá ni ìwé tí ẹgbẹ́ fi tọrọ àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gbogbo ará ìlú ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kà á. Nínú rẹ̀, ẹ fo àwọn ojú ìwé tí ń yin iṣẹ́ náà, kí ẹ lọ tààrà sí àwòrán tí ó fi pápá hàn bí ẹni pé wọ́n là á sí méjì láti òkè dé ilẹ̀. Àwòrán yẹn nìkan ni yóò jẹ́ kí ẹ fi ìka tọ ọ̀nà tí ìwúwo òrùlé ń gbà, láti etí rẹ̀ dé inú òpó, láti inú òpó dé ìpìlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, kí ẹ sì máa fi àwọ̀ kun apá kọ̀ọ̀kan bí ó bá ṣe dé ipò rẹ̀.

Ìkéde tí mo rí i pé ó wúlò jù, tí àwọn ènìyàn kì í sì í kà, ni ti títì ọ̀nà. Àwọn irin òrùlé máa ń gùn, wọ́n sì máa ń wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tí ó gbé wọn kò lè gba ọ̀nà kọjá láìgba àṣẹ, òru ni ó sì sábà máa ń rìn. Tí ìjọba bá kéde pé wọn yóò ti ọ̀nà tí ó lọ sí pápá fún ẹrù gígùn, irin ń bọ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ ìbáà sọ ọ́ tàbí kí ó má sọ ọ́. Bákan náà ni kí ẹ máa ka ohun tí ilé-iṣẹ́ tí ń rọ irin náà bá kọ, nítorí pé wọ́n máa ń rọ àwọn irin yẹn ní ibi tí ó jìnnà sí pápá, wọ́n á sì kọ́kọ́ tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀ láti rí i pé ihò bóòtù bá ara wọn mu. Oṣù tí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ dákẹ́ ní pápá lè jẹ́ oṣù tí iṣẹ́ gbóná jù ní ilé-iṣẹ́ náà.

Yíya àwòrán àti kíkọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Àwòrán ẹgbẹ̀rún tí a yà láti ibi ẹgbẹ̀rún kò wúlò tó ogún tí a yà láti ibì kan náà. Ẹ yan ibi méjì tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí láìtọrọ àṣẹ: ọ̀kan tí ẹ ti lè rí ẹ̀yìn ìjókòó, àti ọ̀kan tí ó ga díẹ̀, bí afárá tàbí òkè, tí ẹ ti lè rí etí òrùlé lápá kejì pápá. Ẹ wá ohun tí kò ní yí padà, bíi orí ilé kan tàbí òpó iná, kí ó máa wà ní igun kan náà nínú gbogbo àwòrán, kí ẹ baà lè fi wọn gùn lé ara wọn lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ fi ọdún, oṣù àti ọjọ́ sọ àwòrán kọ̀ọ̀kan lórúkọ ní ìtẹ̀léra yẹn, kọ̀ǹpútà yóò sì máa tò wọ́n fúnra rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán, ẹ kọ ohun méjì: ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àti ohun tí wọ́n ti mú kúrò. Èyí ẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń sọ òkodoro ọ̀rọ̀ jù, nítorí pé kò sí akọ́lé tí yóò mú ohun tí ó ti nǹkan ró kúrò láìjẹ́ pé nǹkan náà ti lè dá dúró.

Ẹ má ṣe fò fẹ́ńsì, ẹ má sì ṣe fi dúrónù wo inú ibi iṣẹ́ láìgba àṣẹ. Ẹni tí ń wa kéréènì kò gbọ́dọ̀ máa wo ohun àjèjì tí ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí ó fi gbé irin, ní ọ̀pọ̀ ibi sì rèé, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fò ó lórí ibi iṣẹ́ tàbí lórí èrò. Tí ojú òṣìṣẹ́ kan bá hàn gbangba nínú àwòrán yín, ẹ bò ó kí ẹ tó fi han ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara rẹ̀

Òrùlé tí wọ́n ń to irin rẹ̀ pọ̀ lókè kò lè dá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé apá tí ó yẹ kí ó ti òmíràn lẹ́yìn kò tíì dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé òpó onígbà-díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, òpó tí irin rẹ̀ dábùú ara wọn, tí jáàkì sì wà ní orí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àwọn òpó yìí jẹ́ apá kan pápá, kí ó sì máa ráhùn pé wọn yóò dí ojú òun lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti so irin gbogbo pọ̀ tán, tí wọ́n ti fún bóòtù tí wọ́n sì ti yẹ ibi tí àwọn wẹ́dà jó wò, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jáàkì kalẹ̀ ní mílímítà mélòó kan, láti orí òpó kan bọ́ sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ètò tí ẹnjinía ti kọ sílẹ̀ ṣáájú. Òrùlé yóò rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ṣírò bí yóò ṣe rọ̀ tó kí irin àkọ́kọ́ tó gòkè, awọnlẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí yóò fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ìṣírò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. Bí ó bá bá a mu, òrùlé ti di òrùlé ní ọjọ́ yẹn.

Ní ojú tèmi, ọjọ́ yìí ni ó yẹ kí olólùfẹ́ ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ ju ọjọ́ mìíràn lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹgbẹ́ kéde rẹ̀, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ènìyàn lè yà ní àwòrán. Ẹ lè mọ̀ ọ́n fúnra yín. Ẹ fi awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wo orí àwọn òpó onígbà-díẹ̀ náà: tí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tóóró láàárín orí òpó àti irin òrùlé, òpó náà kò gbé nǹkan kan mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ohun tí ó wà nínú ètò yìí ju ọ̀rọ̀ eré lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2011, ní Enschede ní orílẹ̀-èdè Netherlands, òrùlé tí wọ́n ń kọ́ kún pápá FC Twente wó lulẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ méjì sì kú. Ìwádìí fi hàn pé wọ́n ti gbé ẹrù lé òrùlé náà nígbà tí àwọn irin kan tí ó yẹ kí ó so ó ró kò tíì sí ní ipò wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n sún ọjọ́ síwájú kí wọ́n lè parí síso irin kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e, ẹ má ṣe dára pọ̀ mọ́ àwọn tí ń pariwo pé kí wọ́n ṣe kíá. Ariwo olólùfẹ́ máa ń dé etí àwọn alákòóso ẹgbẹ́, tiwọn náà sì máa ń dé etí akọ́lé.

Afẹ́fẹ́ àti kéréènì

Ẹ máa wo ìròyìn ojú ọjọ́ pẹ̀lú ìròyìn iṣẹ́. Irin òrùlé fẹ̀, afẹ́fẹ́ sì lè mú un yí nígbà tí ó bá so rọ̀ lọ́rùn kéréènì. Tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún kéréènì náà, iṣẹ́ gbígbé gbọ́dọ̀ dúró, oòrùn ìbáà máa ràn. Afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ sì ni ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ gbígbé: ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2013, ní São Paulo ní orílẹ̀-èdè Brazil, kéréènì kan ṣubú nígbà tí ó ń gbé ọ̀kan nínú àwọn irin òrùlé tí ó kẹ́yìn ní pápá tí wọ́n ń kọ́ fún Ife Àgbáyé, òṣìṣẹ́ méjì sì bá a lọ. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjáfara ni yóò ní ìdáhùn níbẹ̀.

Bíbo òrùlé, omi, àti koríko

Nígbà tí wọ́n bá ń bo òrùlé, ojú á máa rí ìyípadà lójoojúmọ́, ìgbà yìí sì ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé òpin ti dé. Tí ó bá jẹ́ aṣọ ìbòrí tí wọ́n hun láti ara òwú gíláàsì ni, ẹ wo ojú rẹ̀: ibi tí ó bá hunjọ, wọn kò tíì fà á le, afẹ́fẹ́ sì lè máa gbá a títí tí yóò fi ya. Tí ó bá jẹ́ ìrọ̀rí ETFE, ìyẹn irú ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, irú èyí tí ó lé ní 2,700 tí wọ́n fi bo Allianz Arena ní Munich tí ó ṣí ní ọdún 2005, ẹ̀rọ ni ó ń fi atẹ́gùn mú un dúró. Ìrọ̀rí tí ó bá pẹ́lẹ́bẹ́ kò tíì sí lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni gọ́tà àti páìpù tí yóò kó omi òjò lọ, àwọn iná, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti ọ̀nà tóóró tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa gbà tún wọn ṣe. Gbogbo èyí ni ìwúwo, ó sì ti wà nínú ìṣírò ẹnjinía láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí apá tí wọ́n fi ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bò. Ẹ óò sábà rí i ní apá tí oòrùn ti ń wá, nítorí koríko. Pápá Amsterdam tí ó ṣí ní ọdún 1996 pẹ̀lú òrùlé tí ó ṣeé tì, fojú winá ọ̀rọ̀ koríko láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ léraléra.

Fún òrùlé tí ń ṣí tí ó sì ń tì, ìparí méjì ni kí ẹ máa retí: ọjọ́ tí ó bò, àti ọjọ́ tí ó rìn. Pápá Mercedes-Benz ní Atlanta ṣí ní ọdún 2017, àwọn apá mẹ́jọ tí òrùlé rẹ̀ ní sì ti wà lókè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lórí bí wọn yóò ṣe máa rìn fúnra wọn kò tán títí di ọdún 2018. Ti Montréal le ju ìyẹn lọ. Wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ọdún 1976 níbẹ̀ láìsí òrùlé, ọdún 1987 ni òrùlé àti ilé gogoro tí yóò máa fà á sókè tó parí, aṣọ rẹ̀ sì ń ya léraléra, títí tí ìjọba Québec fi kéde ní oṣù kejì ọdún 2024 pé òun yóò ná mílíọ̀nù 870 dọ́là Kánádà sórí òrùlé tuntun. Tí ó bá jẹ́ pé òrùlé àtijọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ ní pápá yín, ìbéèrè wa náà ni ẹ óò bi, ṣùgbọ́n ẹ bi í láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: kí ni yóò gbé ohun tí ó kù dúró nígbà tí wọ́n bá ti tú apá yìí?

Ìdá ọgọ́rùn-ún àti ọjọ́ ìṣílé

Tí wọ́n bá kéde pé iṣẹ́ òrùlé ti dé ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ béèrè pé ìdá kí ni: ti ìwúwo irin tí ó ti gòkè, ti owó tí wọ́n ti san, tàbí ti ọjọ́ iṣẹ́? Òrùlé tí irin rẹ̀ ti gòkè tán lè má tíì ní gọ́tà tàbí iná kankan. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí i pé kí èrò wọlé, wọ́n tún máa ń fi èrò díẹ̀ dán pápá wò. Ẹ má ṣe san owó ọkọ̀ tàbí ti ilé ìtura fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ kí àyẹ̀wò wọ̀nyí tó parí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yan ìjókòó, ẹ padà sí àwòrán tí ó la pápá sí méjì. Ẹ fa ìlà wálẹ̀ láti etí òrùlé dé orí ìjókòó, kí ẹ sì tún fa òmíràn tí ó dagun, nítorí pé òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá kì í rọ̀ lóòró. Ìjókòó tí ó wà láàárín ìlà méjèèjì yóò máa tutù lọ́jọ́ òjò, bí wọ́n tilẹ̀ tà á pé ó wà lábẹ́ òrùlé. Ní òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣílé, ẹ lọ yẹ ìlà yín wò, kí ẹ kọ nọ́ḿbà ìlà ìjókòó tí omi dé sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Àkọsílẹ̀ yín lódindi pẹ̀lú, àwòrán, ọjọ́, orúkọ ibi tí ẹ ti yà wọ́n, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹgbẹ́ tàbí fún ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹyìn, kí ojúlówó sì wà lọ́wọ́ yín.